PSA mi jẹ́ 5.8, áàpù sì ní ewu mi tó 34 nínú 100. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ọmọ Èbúté-Mẹ́tà · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi farabalẹ̀ kà á.

Ọmọ ọdún 53 ni mí. Ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Màrínà, orí ìjókòó la máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ilé iṣẹ́ wa máa ń ṣètò àyẹ̀wò ara fún wa lọ́dọọdún. Lọ́tẹ̀ yìí ni wọ́n fi PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún pírósítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, kún un fún àwa tá a ti lé ní 50. Tèmi jáde, ó jẹ́ 5.8, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kò yẹ kó ju 4 lọ. Kọlẹ́stírọ́ọ̀lù náà ga díẹ̀, ṣúgà wà níbi tó yẹ, mo sì wọn 104 kílò. Dókítà tó wò wá ní kí n lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìtọ̀, pé wọ́n lè ní kí n ṣe biopsy, ìyẹn kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bù lára pírósítéètì lọ yẹ̀ wò.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ní jẹjẹrẹ pírósítéètì nígbà tó wà ní 58. Ó ń gba ìtọ́jú, ó wà láàyè, a dúpẹ́.

Ọmọ àbúrò mi wá fi áàpù kan hàn mí. Ó bi mí ní ọjọ́ orí, ìwọ̀n, bí mo ṣe ń sùn, bóyá mò ń mu sìgá tàbí ọtí, iye ìgbà tí mò ń jẹ ẹran lọ́sẹ̀. Ó gba ṣúgà, kọlẹ́stírọ́ọ̀lù àti PSA, ó wá gbé e jáde pé ewu mi jẹ́ 34 nínú 100. Àwọ̀ pupa ló fi kọ ọ́. Láti ìgbà náà, oorun ò kùn mí mọ́. Mo ti pa ẹran tì, mo ti ra fítámì E àti selenium, tòmátò ni mò ń jẹ kiri. Ìyàwó mi ní àgbo ni kí n mu.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: mo ní ìnfẹ́kísọ̀n ojú ìtọ̀ ní oṣù tó ṣáájú àyẹ̀wò náà, mo sì lo oògùn rẹ̀ tán. Mo tún máa ń wa kẹ̀kẹ́ orí ìdúró ní jíìmù ní Sátidé.

Ṣé kí n lọ ṣe biopsy náà ni, àbí kí n ṣì mú sùúrù?

Alhaji Agége · 9:30 alẹ́

Ọ̀rẹ́, fọkàn balẹ̀. Tèmi tó 9 nígbà kan. Pírósítéètì ló kàn wú, bó ṣe ń wú fún àgbà ọkùnrin. Mo mu àgbo, lọ́dún tó kọjá ó ti wálẹ̀ sí 4.3. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ọ lábẹ́rẹ́ níbẹ̀ o. Bí nǹkan burúkú bá wà níbẹ̀, ńṣe ni abẹ́rẹ́ náà máa tú u ká.

Ará Láàbù · 10:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, Alhaji. Apá kan ọ̀rọ̀ yín jẹ́ òótọ́, apá kejì ni mi ò ní jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀.

Èròjà kan tí pírósítéètì ń ṣe ni PSA. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí àtọ̀ ṣàn, kó má dì. Inú àtọ̀ ló pọ̀ sí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti da pírósítéètì láàmú lè mú kí èyí tó ń jò pọ̀ sí i: wíwú tí Alhaji wí, ìnfẹ́kísọ̀n, kí ìtọ̀ há, kí wọ́n ki rọ́bà bọ ojú ìtọ̀, àti jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ajá tó ń gbó lójúde ni PSA. Ó lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ àlejò, ẹ ṣáà gbọ́dọ̀ jáde lọ wò. Nínú ọkùnrin 4 tí PSA wọn ga, bíi 3 ni kò ní jẹjẹrẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe biopsy fún àwọn ọkùnrin tí PSA wọn kò kọjá 4, wọ́n sì rí jẹjẹrẹ lára bíi 15 nínú 100 wọn. Nítorí náà, 4 yẹn kì í ṣe odi tí ẹnikẹ́ni lè sá sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Èbúté-Mẹ́tà, ìnfẹ́kísọ̀n tí ẹ sọ yẹn ṣe pàtàkì. Ó yẹ kí ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn tó bá ti san kí wọ́n tó tún PSA wọ̀n. Kí ẹ tó lọ, ẹ má wa kẹ̀kẹ́ fún wákàtí 48, ẹ má sì bá ìyàwó yín sùn láàárín àsìkò yẹn, torí pé dída àtọ̀ náà lè gbé e sókè. Láàbù kan náà ni kí ẹ lọ, nítorí ẹ̀rọ láàbù kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Bó bá tún wà láàárín 4 àti 10, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè wọn PSA tó ń dá rìn. Púpọ̀ nínú PSA inú ẹ̀jẹ̀ ló so mọ́ èròjà mìíràn, ìyókù ń dá rìn. Bí èyí tó ń dá rìn bá ju 25 nínú 100 lọ, ìfura dín kù. Bí kò bá tó 10, ìfura ga.

Ìbéèrè kan: ṣé ẹ ń lo oògùn kankan fún ìtọ̀ tàbí fún irun tó ń re? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé láti dáhùn eléyìí.

Ìyá Ràṣídátù, Mùṣín · 10:21 alẹ́

Alhaji, ẹ má bínú sí mi o, ọmọ yín ni mí. Bàbá mi náà ní àwọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún àwọn. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n. A ní làkúrègbé ni, a ń fi òróró ra á, a ń ra àgbo. Kò sí ọjọ́ kan tí bàbá mi sọ pé ìtọ̀ ń dun àwọn. Ìgbà tá a máa fi ṣe àyẹ̀wò, PSA ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó sì ti wọ inú eegun ẹ̀yìn. Ohun tí ń dùn wọ́n láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Kí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní i jókòó máa mú sùúrù? Ẹ dákun.

Akin, Yábà · 11:02 alẹ́

Iṣẹ́ dátà ni mò ń ṣe, kì í ṣe dókítà, nítorí náà áàpù yẹn nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi í: 34 nínú 100 ti kí ni? Ṣé pé wọ́n máa rí jẹjẹrẹ bí ẹ bá ṣe biopsy lónìí ni, àbí pé ẹ máa ní in kí ẹ tó kú? Ṣé jẹjẹrẹ èyíkéyìí ni, àbí irú èyí tó ń sáré pani? Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ní èyí tó ń wọ́lẹ̀ tuurutu tí kò ní pa wọ́n láéláé. Àwọn ìṣirò tí àwọn dókítà ń lò máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Áàpù tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú nọ́ńbà kan tó fi àwọ̀ pupa kùn ún, ẹ̀rù ló ń tà.

Ìkejì, ẹ wo ohun tó béèrè. Ìṣirò méjì tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí wọ́n fi dátà àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe, tí wọ́n ń pè ní PCPT, àti èyí tó ti Rotterdam, ìlú kan ní Netherlands, jáde. PCPT ń béèrè ọjọ́ orí, PSA, bóyá bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ti ní i, ẹ̀yà tí èèyàn jẹ́, ohun tí dókítà rí nígbà tó fi ìka wò, àti bóyá ẹ ti ṣe biopsy rí. Ti Rotterdam ń fi bí pírósítéètì ṣe tóbi tó kún un. Èwo nínú wọn ló bi yín nípa oorun àti ẹran? Kò sí. Ìṣe wa ojoojúmọ́ ń ṣiṣẹ́ lára wa díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì máa ń rí ipa rẹ̀ bí a bá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ. Ṣùgbọ́n láti sọ bóyá lágbájá ní i lónìí, bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ orí, PSA àti ẹbí, oorun kì í fi bẹ́ẹ̀ fi kún un. Ṣúgà àti kọlẹ́stírọ́ọ̀lù náà, ọ̀rọ̀ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń sọ jù. Pẹ̀lú 104 kílò, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ọkàn yẹn náà kì í ṣe eré o.

Àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó jinlẹ̀ ju PSA lásán lọ. PHI ń da oríṣi PSA mẹ́ta pọ̀ ṣírò, 4Kscore ń lo èròjà mẹ́rin. Ẹ pe láàbù kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má lọ há sínú gosíló Àfárá Kẹta lásán.

Ìkẹta, èyí tó ń bí mi nínú jù: àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìṣirò wọ̀nyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin 1 nínú 8 ló máa ní jẹjẹrẹ yìí láyé rẹ̀. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀, 1 nínú 4 ni. Bí áàpù náà kò bá mọ pé aláwọ̀ dúdú ni yín, tí kò sì mọ ti ẹ̀gbọ́n yín, kì í ṣe yín ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ọmọ Èbúté-Mẹ́tà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Akin, kò bi mí léèrè ẹ̀yà, kò sì bi mí nípa ẹbí rárá.

Ará Láàbù, bẹ́ẹ̀ ni, mò ń lo oògùn kan. Mo máa ń jí tọ̀ lóru, kẹ́míìsì kan ládùúgbò wá fún mi ní kápúsù, ó ti ju ọdún kan lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo páálí rẹ̀ ni: dutasteride àti tamsulosin ló wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ará Láàbù · 7:15 àárọ̀

Ó kàn án gan-an. Dutasteride àti finasteride máa ń gé PSA sí ìdajì bí èèyàn bá ti lò wọ́n tó bí oṣù 6. Ọwọ́ ìlọ́po méjì ni dókítà máa fi mú 5.8 yín, ìyẹn bíi 11 tàbí 12. Ìnfẹ́kísọ̀n yẹn ṣì lè wà nídìí apá kan rẹ̀, nítorí náà kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n “ṣé kí n mú sùúrù” tí ẹ béèrè lálẹ́ àná ti kúrò nílẹ̀. Ẹ wá àyè sọ́dọ̀ dókítà ìtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ìgbà tí ẹ máa tún PSA ṣe. Ẹ má dá kápúsù náà dúró fúnra yín. Ẹ kàn mú páálí rẹ̀ dání.

Áàpù yẹn kò béèrè oògùn, nítorí náà 5.8 tó fi ṣe ìṣirò kì í ṣe 5.8 gidi.

Alhaji Agége · 7:32 àárọ̀

Ẹ dúró ná. Èmi náà ń lo finasteride o.

Ará Láàbù · 7:35 àárọ̀

Láti ìgbà wo, Alhaji?

Alhaji Agége · 7:41 àárọ̀

Ìgbà tó wà ní 9 ni dókítà kọ ọ́ fún mi. Mò ń lò ó pẹ̀lú àgbo.

Ará Láàbù · 7:44 àárọ̀

Ó dáa, ẹ sọ 4.3 di ìlọ́po méjì. Ibi tó wà náà ló wà, sà. Àgbo kọ́ ló gbé e wálẹ̀. Inú mi dùn pé kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà yín bóyá ó mọ̀ pé ẹ ṣì ń lo oògùn náà nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí PSA bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nígbà téèyàn wà lórí oògùn yìí, bó tiẹ̀ jẹ́ díẹ̀, wọn kì í fojú kéré rẹ̀.

Alágbo Ọ̀yìngbò · 8:50 àárọ̀

Àgbo, àgbo, gbogbo yín ti kó o lẹ́nu láti àná. Èmi ń tà á, ìyá mi tà á. Ti jẹ̀díjẹ̀dí lọ́tọ̀, ti ibà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ń tọ ẹ̀jẹ̀, tàbí pé ìtọ̀ òun há, ọsibítù ni mo ń lé e lọ, mi ò ní gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ “ó ń wo jẹjẹrẹ” sára ike, kì í ṣe gbogbo wa.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹjà · 9:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ìyá. Kí ẹni tó bá sì ń mu ún máa sọ fún dókítà rẹ̀, kí wọ́n má fi oògùn le oògùn.

Bùrọ̀dá Èbúté-Mẹ́tà, ẹ gbé fítámì E yẹn sílẹ̀ lónìí. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó lé ní 35,000, SELECT ni wọ́n pe ìwádìí náà. Wọ́n rò pé fítámì E àti selenium máa dènà jẹjẹrẹ pírósítéètì. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2011, àwọn tó ń lo fítámì E nìkan, yúnìtì 400 lójúmọ́, ní i ju àwọn tó ń lo oògùn òfìfo lọ ní nǹkan bíi 17 nínú 100. Selenium kò ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Owó yín ń ṣòfò, ó sì lè pa yín lára.

Tòmátò kò ní ṣe yín ní nǹkan burúkú. Èyí tá a bá fi òróró sè ni ara ń rí èròjà inú rẹ̀ gbà jù, ọbẹ̀ ata wa sì ti ń ṣe ìyẹn látọjọ́ aláyé ti dáyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń dènà jẹjẹrẹ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ má fi ṣe oògùn.

Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ ni ìwọ̀n yín. Ọ̀rá tó pọ̀ lára wà lára ohun tó ń bá irú jẹjẹrẹ pírósítéètì tó le rìn. Ohun mìíràn tí àwọn èèyàn kì í mọ̀: ẹ̀jẹ̀ ẹni tó sanra pọ̀ ju ti ẹni tó tín-ín-rín lọ, nítorí náà PSA rẹ̀ lè là sínú ẹ̀jẹ̀ náà, kó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ń mu sìgá náà, ewu pé kí jẹjẹrẹ yìí pa wọ́n ga ju ti àwọn tí kì í mu lọ. Ẹ máa bá jíìmù yín lọ. Bó bá ku ọjọ́ méjì kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dípò kẹ̀kẹ́.

Bàbá Ìbejì, Ṣómólú · 1:10 ọ̀sán

Mo ti ń kà látàárọ̀. Èmi ti ṣe biopsy náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí kí Alhaji tó tún lé àwọn èèyàn sá.

Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n ṣe MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà. Ẹ̀yin náà ẹ béèrè rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń ka àwòrán náà máa ń fún un ní máàkì láti 1 dé 5. 1 àti 2, ọkàn balẹ̀. 4 àti 5, wọ́n á fẹ́ gún un. Ó tún ń fi bí pírósítéètì ṣe tóbi tó hàn. Bí PSA bá ga tí pírósítéètì náà sì tóbi gan-an, wíwú rẹ̀ lè tó ìdí. Bó bá kéré tí PSA sì ga, ìyẹn ni wọ́n ń fura sí jù. Wọ́n máa ń fi bó ṣe tóbi tó pín PSA. Bó bá ju 0.15 lọ, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn.

Ní ti biopsy, wọ́n pa ibẹ̀ kú. Abẹ́rẹ́ náà ń dún bí ìbọn ọmọdé, ìyẹn ló ń dẹ́rù bani ju ìrora lọ. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, àtọ̀ mi pọ́n fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ti sọ fún mi ṣáájú. Ewu tó yẹ ká bẹ̀rù ni ìnfẹ́kísọ̀n. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gún un: láti ihò ìdí, tàbí láti awọ tó wà láàárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ìnfẹ́kísọ̀n. Ẹ bi wọ́n ní èyí tí wọ́n ń ṣe. Bí ibà bá mú yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sùn sílé, ọsibítù lóru ọjọ́ náà. Pé ó ń tú jẹjẹrẹ ká tí Alhaji sọ, ó ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn dókítà kì í tìtorí rẹ̀ fà sẹ́yìn.

Tèmi jáde ní Gleason 6, ìyẹn máàkì bí jẹjẹrẹ náà ṣe le tó, òun sì ni ìpele tó kéré jù nínú èyí tí wọ́n ń kọ sínú èsì. Wọn ò gé nǹkan kan. Mò ń lọ ṣe PSA lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì tọpa àwọn ọkùnrin tí tiwọn kò tíì jáde kúrò nínú pírósítéètì fún ọdún 15: àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn kan gba ìtànṣán, àwọn kan jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ wọn. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan bíi 97 nínú 100 ni jẹjẹrẹ náà kò pa.

Akin, Yábà · 1:34 ọ̀sán

Ìwọ̀nba kín-ún ni aláwọ̀ dúdú nínú ìwádìí yẹn o, Bàbá Ìbejì. Mi ò ní kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi àsìkò àyẹ̀wò kankan ṣeré.

Bàbá Ìbejì, Ṣómólú · 1:40 ọ̀sán

Òótọ́ ni. Mi ò fi ṣeré.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó · 4:15 ìrọ̀lẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má tijú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka fúnra wọn bọ́ síta lọ́dún 2014, wọ́n ní àwọn ti ní i, àwọn sì ti gba ìtọ́jú. Ẹ ṣì ń rí wọn títí dòní.

Alhaji, ṣé dókítà ti fi ìka wo tiyín rí? Kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń rí òmíràn tí PSA kò rí.

Alhaji Agége · 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ìyẹn gan-an ni mò ń sá fún láti ọjọ́ yìí. Ó dáa, mo gbọ́. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ máa lọ.

Ọmọ Èbúté-Mẹ́tà · 8:05 alẹ́

Mo ti rí àyè gbà lọ́dọ̀ dókítà ìtọ̀, ní Ọjọ́bọ̀. Páálí kápúsù náà ti wà nínú báàgì. Fítámì E ti wọ garawa ìdọ̀tí. Ìyàwó mi ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, òun ló ní ká pe ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n fi èsì tiwọn ránṣẹ́ kí n mú un dání.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 44. Ṣé kí òun náà lọ?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹjà · 8:30 alẹ́

Kó lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí. Aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní i kì í dúró de 50. Láti 40 sí 45 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún bi àwọn àgbà ẹbí ìyá yín léèrè ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin. Àwọn kan wà tí àbùkù àbínibí kan náà tó lè fa ìwọ̀nyí àti ti pírósítéètì, BRCA2, ń gba ọ̀dọ̀ ìyá kọjá sára ọmọ ọkùnrin. Àwọn ọkùnrin kì í ronú kan ìyẹn.

Ọmọ Èbúté-Mẹ́tà · 8:41 alẹ́

Àǹtí wa kan, àbúrò ìyá wa, kú ikú ọmú. Màá sọ ọ́ lọ́hùn-ún.

Túnjí, Sùúrùlérè · 9:02 alẹ́

Ìbéèrè kékeré: ṣé èèyàn máa gbààwẹ̀ kó tó ṣe PSA?

Ará Láàbù · 9:10 alẹ́

Rárá. PSA kò mọ̀ bóyá ẹ jẹun. Ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n lè ní kí ẹ gbààwẹ̀ fún, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ lọ láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Omi kò ní nǹkan ṣe. Bí ẹ bá ń lo oògùn irun tàbí èékánná tó ní biotin, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, nítorí ó lè da ẹ̀rọ kan rú kó gbé èsì tí kì í ṣe òótọ́ jáde.